Òwú Kúkúrú, Òwú Gígùn

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ìyá aránṣọ fi ń tẹ ẹ̀rọ láti ọdún mọ́kànlélógún, itan ẹsẹ̀ yẹn gan-an sì ni jẹjẹrẹ wá fi ṣe ilé. Dókítà ti gé kókó náà kúrò, pẹ̀lú ẹran díẹ̀ tó yí i ká. Àwọn tó fi awò asọ-kékeré-di-ńlá wo etí ẹran náà ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kan ṣì kù, èyí tó ń wá ipasẹ̀ àrùn náà nínú èròjà àbùdá, níbi tí ojú awò ò tó. Bó bá wà yí gbogbo etí náà ká, wọ́n máa gé iṣan tó fi ń tẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti ń retí èsì.

"Àǹtí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́," àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ilẹ̀ yìí lu."

"Ẹsẹ̀ mi ni ò gbọ́ràn."

Dókítà wọlé tòun ti ìwé lọ́wọ́. "Màmá, etí mẹ́ta mọ́ tónítóní. Ipasẹ̀ díẹ̀ wà ní ẹ̀kẹrin, lápá orúnkún. Ibẹ̀ nìkan la máa padà gé, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. A ò ní fọwọ́ kan iṣan yẹn."

Ọkàn ìyá aránṣọ ò tíì balẹ̀. "Ẹran tó ti wà nínú ike, ta ló mọ èyí tó kọjú sí orúnkún níbẹ̀?"

"Mo ti fi òwú sàmì sí i kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Òwú kúkúrú lókè, òwú gígùn lápá ìta."

Ìyá aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ń sàmì sí apá aṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbàgbé, lọ́dún tí òjò ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀wù iléèwé mẹ́rìnlá ló sì tú palẹ̀.

"Ẹ ti kọ́ṣẹ́ wa nìyẹn," ló wí. "Ó ku kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an kó gún. Ẹ wo ojú àpá yìí."

"Ẹ má bínú, Dókítà," àbúrò rẹ̀ sọ. "Bó ṣe ń bá àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Ìkejì á gún."

Ó gún lóòótọ́. Nígbà tí èsì etí tuntun náà sì dé, ó mọ́.

Lóṣù kẹta, ìyá aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀wù iṣẹ́ dókítà ló kọ́kọ́ rán. Ó fi òwú kúkúrú kan sílẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù náà, kí dókítà lè mọ ibi tó jẹ́ òkè.