Sàréè Iwájú Ilé

Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Vóìsì yìí máa gùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á níbi tó bá ti dùn yín. Mo mọ̀ pé Bàbá Shakirah, àbúrò yín, ti pè yín ní Ìlọrin. Wọ́n á ti sọ fún yín pé èmi Sàídátù, ìyàwó ilé lásán-làsàn, ni mo fi ẹnu mi wó iwájú ilé bàbá yín ní Òkè-Àdó. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà wa. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ńlá kan ń bọ̀, pé wọ́n máa ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún un láti Ring Road wọ Òkè-Àdó. Inú ọkọ mi kọ́kọ́ dùn. Ẹ mọ̀ pé Micra ni Bàbá Luqman ń wà, Challenge sí Dùgbẹ̀. Ó ní, "Èrò á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò mi, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn, wọ́n á sì ṣáájú mi débẹ̀. Kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ jàre!" Èmi náà ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́. Tí mo bá lọ ra láínìn àti síìbù lásán ní Dùgbẹ̀, odindi ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹni tí ò fẹ́ ọ̀nà ní àdúgbò yẹn, Àǹtí mi. Àfìgbà tí ẹnjiníà wọn, Akínsànyà, ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí tó ń dé fìlà ike, fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi máa lọ, yàrá Màámi tó bí yín máa lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó mẹ́rin tí Bàbá fọwọ́ ara wọn mọ máa lọ.

Bàbá Shakirah fò sókè. "Ṣé kò sí Bódìjà ni? Ilé gíláàsì ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, ilé àwọn tó ni ìlú ni wọ́n máa wá wó!"

Ọkọ mi ní, "Bùọ̀dá, ọ̀nà Dùgbẹ̀ ò gba Bódìjà kọjá."

"Pa ẹnu dé! Ìwọ tóo fẹ́ kí wọ́n wó ilé bàbá ẹ kí Micra ẹ lè ráyè sáré."

Àbí kí n rẹ́rìn-ín? Mi ò rẹ́rìn-ín, torí yàrá Màámi ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a rí i pé ìlà ọ̀dà yẹn yẹ̀ níwájú ilé àwọn Àdìó, ilé kẹta sí wa. Ẹnjiníà ní sàréè bàbá àgbà wọn ló wà níwájú ilé, àwọn ò sì fẹ́ hú òkú ẹnikẹ́ni. Bàbá Shakirah gbọ́ ọ. Wọ́n kàn ń wo iwájú ilé wa títí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé la sin Bàbá sí, lẹ́bàá kànga. Àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì tí títì dákẹ́, ni Bàbá Shakirah mú Rasheed bíríkìlà wọlé. Búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì, táìlì funfun. Rasheed bi wọ́n pé báwo ni kó ṣe gùn tó, wọ́n ní kó nà án jáde síhà títì dáadáa, kó lè gba ilẹ̀. Kó tó di pé ìsìn parí, Bàbá ti ní sàréè kejì, orúkọ wọn lára rẹ̀, ọdún tí wọ́n kú lára rẹ̀. Wọ́n bu ẹrẹ̀ pa á lára kó lè dà bí èyí tó ti pẹ́. Màámi wò wọ́n lójú fèrèsé, wọ́n sì pa fèrèsé dé.

Èmi ńkọ́? Àǹtí mi, èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì ọ̀hún. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù mi ni mò ń gbà sílẹ̀.

Ní Àtàláátà, ẹnjiníà dé. Ó dúró síbẹ̀, ó ń họ orí. "Ṣé mo rí eléyìí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Pákó la kó lé e lórí," Bàbá Shakirah dáhùn kíákíá.

"Ó dáa. A máa yí ìlà nìyẹn."

Mo ti ń ṣe àlùhámúdúlíláì nínú mi. Àfi bó ṣe sọdá títì, tó gbé ọ̀dà pupa rẹ̀ lé ara ilé Ìyá Ìṣọ́raolúwa. Ẹ ò tíì mọ̀ wọ́n, ẹ ti lọ Ìlọrin kí wọ́n tó kó dé. Opó ni wọ́n, ará Ìkàrẹ́. Wọ́n ń dirun níwájú, àwọn àti ọmọ wọn ń sùn nínú yàrá ẹ̀yìn, kò sí òmíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣọ́ọ̀bù àti yàrá kan ni wọn ì bá wó. Ní tiwọn, gbogbo ilé pátá. Ọjọ́ tí mo fẹ́ bí Luqman, tí bàbá rẹ̀ há sínú gósíló ní Challenge, àwọn ni wọ́n gbé mi sáàárín ara wọn àti ọlọ́kadà dé ilé ìwòsàn ní Ring Road, omi ń dà lára mi sórí ìró wọn.

Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà pé ká lọ sọ òótọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìyá Luqman. Kí n tú ẹ̀gbọ́n mi fó?" Mo kí Ìyá Ìṣọ́ra káàárọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n dá mi lóhùn. Mo wọlé, mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn bùbá.

Àlàmísì ni wọ́n mú ìwé wá. Ẹnjiníà ní kí àlùfáà tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé òkú Mùsùlùmí ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé kátápílà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lódìkejì ní Mọ́ńdè. Àlùfáà Abdulmojeed, ẹni tó ń kírun fún wa báyìí, kò sí ní àdúgbò nígbà tí Bàbá kú. Wọ́n rìn yí sàréè ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró. Wọ́n tún rìn yí i ká.

"Ibo lẹ kọ orí bàbá sí?"

Bàbá Shakirah nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé. "Ìhà ibí."

"Ẹsẹ̀ wọn ló wá nà gbọọrọ sí Kíbílà yẹn."

Háà, Àǹtí mi! Àwa tí a ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ nínú ilé yẹn! Ilẹ̀ tó máa gbà nìkan ló wà lọ́kàn wa, a gbàgbé pé ojú òkú ló ń kọ sí Kíbílà, kì í ṣe ẹsẹ̀.

"Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin wọ́n," Bàbá Shakirah wí. "Àwọn tó gbẹ́lẹ̀ ló ṣì í."

"Hẹn-ẹn." Àlùfáà ò gba bírò. "Ẹ̀yin lẹ mọ òkú yín."

Ẹnjiníà ò lóye nǹkan kan. "Ṣé wàhálà wà ni?"

"Kò sí," ni Bàbá Shakirah dáhùn, wọ́n ń wojú wa níkọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìṣọ́ra sọdá wá. Mo rò pé wọ́n wá jà ni. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú táìlì funfun yẹn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. "Bàbá, ẹ máa sùn jẹ́jẹ́. Mi ò bínú sí yín o. Ẹ ti wà níbẹ̀ kí n tó dé."

"Kò sí bàbá níbẹ̀!"

Ohùn mi ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́.

"Sàídátù! Ṣé orí ẹ ti dàrú ni?" Bàbá Shakirah ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi bọ́ sáàárín wa.

"Orí mi ò dàrú. Omi tí wọ́n fi kọ́ ọ ní Sọ́ńdè, èmi ni mo pọn ọ́n."

"Irọ́ ni! Ẹnjiníà, ìyá wa nìyí, ìyàwó olóògbé. Ẹ bi wọ́n!"

Gbogbo ojú yí sí Màámi lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá wọn ni o, Àǹtí mi, yàrá tí wọ́n ti ń sùn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Bàbá Shakirah ti ń rẹ́rìn-ín ìṣẹ́gun. Màámi wá di òpó mú, wọ́n dìde.

"Ọmọ mi, tẹ̀lé mi."

Wọ́n mú ẹnjiníà gba ọ̀nà àárín ilé lọ sẹ́yìnkùlé, gbogbo wa ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n dúró lẹ́bàá kànga. "Ọkọ mi rèé. Òun ló kọ́ ilé tí o fẹ́ wó. Sọ fún un fúnra ẹ."

Ọmọkùnrin yẹn ṣí fìlà ike lórí.

Ìlà ti padà sí tiwa. Yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni Màámi ń sùn báyìí, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní ọ̀nà àárín ilé, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á fẹ̀gbẹ́ rìn. Bàbá Shakirah ò dáhùn kíkí mi. Àwọn ará ìhà tiwa tí ìlà òdìkejì ì bá gba ilé wọn sílẹ̀ ń pòṣé tí mo bá ń lọ.

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Àǹtí mi, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Ti Ìyá Ìṣọ́ra, n ó bẹ̀ wọ́n fúnra mi. Mo rò pé wọ́n máa dì mọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kàn wò mí.

"Láti Àtàláátà lo ti mọ̀," wọ́n ní. "O sì ń kí mi káàárọ̀."

Wọ́n sọdá títì padà, wọ́n sì tilẹ̀kùn.