Ìdánudúró Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta

Ìròyìn náà tún sá kọjá lójú ẹ̀rọ kí obìnrin náà tó kà á tán.

“Dá a padà,” ni Bàbá Wáyà wí.

“Kò ṣeé dá padà, Bàbá. Ó dìgbà tó bá yí po.”

Ohùn tó fi sọ ọ́ kò ju ti ewé gbígbẹ tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ lọ, bàbá náà sì ní láti na ọrùn kó tó gbọ́.

Inú yàrá tí wọ́n ń kó téèpù àtijọ́ sí ni àwọn méjèèjì jókòó sí, níwájú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìwé ìlànà olójú ewé mẹ́ta sì wà láàárín wọn. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá iléeṣẹ́ rédíò náà ti ní òun fẹ́ kí ìròyìn máa rìn gba ìsàlẹ̀ ojú òpó wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n àwọn ẹlòmíì. Ó ti gba ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n máa ń fi sínú ojú òpó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Ó ku kí wọ́n sọ bí yóò ṣe ṣe é fún un. Àwọ̀ wo? Kí lẹ́tà tóbi tó báwo? Eré mélòó, ìdánudúró mélòó láàárín ìlà kan àti èkejì? Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀, inú fáìlì kan ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ìròyìn náà fúnra rẹ̀. Wọ́n fi eré sí mẹ́jọ, nítorí ọ̀gá ní òun kò fẹ́ nǹkan tó ń wọ́. Ìròyìn wá ń sá bí adìyẹ tó rí àwòdì.

“Ta ló ń lé e?” ni Bàbá Wáyà bi ẹ̀rọ náà.

Òun ni ẹnjiníà iléeṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Wáyà ló mọ̀, kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ní ohunkóhun tí iná bá ń gbé rìn, ẹbí òun ni.

Ní ti obìnrin náà, ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ka ìròyìn agogo méje òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Agogo Méje ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bó bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, tó ní “Ẹ já mi sílẹ̀ níwájú,” awakọ̀ á yíjú padà, á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan hù sí i lọ́nà ọ̀fun. Dókítà gé e kúrò, ó ní kó dúpẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tó ń pani, ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá a wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò bá a jáde. Oṣù mẹ́rin rèé tó ti ń fi ìdajì èémí sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ṣòfófó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkọ rẹ̀ ní ilé ti dákẹ́ jù, pé òun kò mọ ìgbà tó ń bínú mọ́.

Wọn kò lé e lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fún un ní yàrá téèpù.

Ọmọbìnrin tó gba ìjókòó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ fún odidi ọdún kan. Ohùn ọmọ náà mọ́, ó sì dùn, àfi pé ó ń kàwé bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níta. Asáré ni Agogo Méje sọ ọ́ nínú ọkàn ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Agogo Méje padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ náà mú ìwé ìròyìn wá bá a, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti mí nínú eléyìí?”

“Ibi tí èémí rẹ bá ti tán,” ni èsì tó fún un.

Ọmọ náà kò padà wá béèrè mọ́. Láti ìgbà náà, ẹ káàárọ̀ àti ẹ kúuṣẹ́ nìkan ló kù láàárín wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Agogo Méje mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni tó sọ fún un ohun tó yẹ kí ọmọ tuntun ṣe bó bá jẹ́ pé orí àgbà ló wọ́.

Ó pa mẹ́jọ rẹ́ níbi eré, ó kọ mẹ́ta.

Ìròyìn fara balẹ̀. Bàbá Wáyà fi ìka tẹ̀ lé e lójú ẹ̀rọ, ó ń kà á sókè: “‘Ọ̀gá àwọn olùkọ́ ní òun kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ àfi bí…’ Àfi bí kí ni?”

“Ó ti gé e. Ìlà kan kò gbọdọ̀ ju ọgọ́ta lẹ́tà lọ.”

“Hẹ̀n! Wọ́n ti gé ọ̀gá olùkọ́!”

Agogo Méje rẹ́rìn-ín, láìfẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì jáde bí ẹni tó ń wúkọ́. Ó fa fáìlì náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn gbólóhùn gígùn sí wẹ́wẹ́. Ìgbà tó gé ẹ̀kẹta ló ṣàkíyèsí pé ètè òun ń mì, pé òun ń kà á láìsí ohùn bí òun ṣe máa ń kà á ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ lójoojúmọ́ ayé kí òun tó wọ sítúdíò. Ó tún kà á, ó ń fi ìka ṣírò lẹ́tà. Ọgọ́ta lẹ́tà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èémí kan gẹ́lẹ́. Kò sí nínú ìwé ìlànà, ẹni tó ṣe ètò náà kò sì lè mọ̀.

Ìdánudúró ló kù. Ó gbìyànjú ìṣẹ́jú àáyá kan, ó gbìyànjú méjì, ó wá fi sí mẹ́ta.

“Mẹ́ta ti pọ̀ jù,” ni Bàbá Wáyà wí. “Wọ́n á ní iná ti lọ.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti lóye èyí tó kọjá.”

Bàbá Wáyà gbé ìwé ìlànà súnmọ́ ojú. “Ó ní bó bá ti yí po tán, á tún padà lọ wo fáìlì. Èyí ni pé ohun tó o bá yí, á yí nígbà náà. O ò tún ní tan nǹkan kan, o ò ní pa nǹkan kan.”

Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí agogo méjìlá ọ̀sán lù nígbà tí ọ̀gá wọlé láìkanlẹ̀kùn, ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn lójú rẹ̀.

“Mà, ẹ gbà mí. Iléeṣẹ́ omi ló pè. Ọkọ̀ akẹ́rù kan já sódò láàárọ̀ yìí, lókè ibi tí wọ́n ti ń fa omi ìlú. Oògùn apakòkòrò ló kó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa sì ń jẹ ìwé, kò fẹ́ tẹ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ sójú òpó kíá. Kọ̀ǹpútà wà níwájú ọmọ yẹn ní sítúdíò. Mo ti ní kó kà á láti ibẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.”

Agogo Méje gba ìwé náà. “Iléeṣẹ́ omi ń fi àkókò yìí rọ gbogbo ará ìlú pé, látàrí ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ kan tó wáyé…” Kò ka ìyókù sókè. Ó kọ ọ́ báyìí:

Ẹ má mu omi ẹ̀rọ lónìí.

Ẹ má fi dáná. Ẹ má fi wẹ ọmọ.

Láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni omi náà ti bàjẹ́.

Ọkọ̀ tó kó oògùn apakòkòrò ló já sódò tí a ti ń fa omi.

Ẹ lè mu omi kànga àti omi òjò.

Ẹ sọ fún aládùúgbò tí kò ní rédíò.

Ọ̀gá na ọrùn lé e léjìká. “Ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ dárúkọ iléeṣẹ́ wọn ni?”

“Ọ̀gá, ẹni tó ti gbé ife sẹ́nu kò lè dúró de orúkọ iléeṣẹ́.”

Ọ̀gá sáré jáde lọ sí sítúdíò.

Agogo méjìlá lù. Láti inú àpótí ohùn kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn, ohùn ọmọbìnrin náà jáde, ó kí àwọn olùgbọ́, ó sì bọ́ sínú ìròyìn. “Ẹ má mu omi ẹ̀rọ lónìí.” Ó ti fẹ́ máa bá eré rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò kà. Ìlà kejì kò tíì yọ. Wọ́n gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì.

Agogo Méje mọ̀ nígbà náà ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Nọ́ńbà kan péré ni. Bó bá kọ mẹ́sàn-án síbi eré tí mẹ́ta wà, ìyípo kejì á sáré, ọmọ náà á sá tẹ̀ lé e, á kọsẹ̀, á ṣubú níṣojú gbogbo ìlú, wọ́n á sì máa wí káàkiri pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí láyé Agogo Méje. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rọ tuntun ni, ẹ̀rọ tuntun a sì máa ṣe ségesège.

Ó pa mẹ́ta rẹ́. Ààyè náà ṣófo. Bàbá Wáyà wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀.

“Ẹ má fi dáná,” ni ohùn náà ń wí lókè ilẹ̀kùn. “Ẹ má fi wẹ ọmọ.”

Ohùn náà gbọ̀n níbẹ̀. Ẹlòmíì lè má gbọ́ ọ. Etí tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún gbọ́ ohùn ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Agogo Méje rántí ìkókó tí Asáré bí, ọmọ oṣù márùn-ún, tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń gbé wá sí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ lọ́sàn-án kí ìyá rẹ̀ lè fún un lọ́mú. Wọ́n ń dúró dè é níta lóòótọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dúró dè é níta. Obìnrin kan sì jókòó síbẹ̀ báyìí tí kò mọ omi tí wọ́n fi wẹ ọmọ òun láàárọ̀, tí kò lè dìde, tí ó ń sọ fún gbogbo ìlú ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe fún ọmọ tiwọn.

Ní ìlà tó sọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò, èémí rẹ̀ tán. Ó fi ìdajì sílẹ̀, ó tún un mú. Agogo Méje mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni òun náà máa ń ṣubú sí ní ọdún àkọ́kọ́, níbi tí gbólóhùn ti máa ń gùn ju àyà ẹni lọ.

Ó kọ mẹ́ta padà. Ó gé ìlà náà sí méjì. Ó tún wo ìlà ọmọ wíwẹ̀, ó sì gbé ti àárọ̀ tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí: Ẹ má bẹ̀rù fún ọmọ tí a wẹ̀ ṣáájú agogo mẹ́sàn-án. Ìka rẹ̀ kò dúró títí tó fi fi fáìlì náà pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ìyípo kejì bẹ̀rẹ̀. Asáré kò sáré mọ́. Ó ka ìlà kan, ó dúró. Ìlú dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ó ka òmíràn. Nígbà tó dé ìlà tuntun náà, ó dákẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ohùn rẹ̀ sì wá jáde, ó balẹ̀, ó rinlẹ̀, ó sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má bẹ̀rù.

“Ó kà á dáadáa,” ni Bàbá Wáyà wí, ó sì dìde lọ wá nǹkan ṣe níbòmíì.

Kò pẹ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Èyí tó wà ní yàrá téèpù, tí kì í dún láti oṣù dé oṣù, dún pẹ̀lú. Ọmọbìnrin náà ló wọlé wá gbé e; ó ti pe ilé ná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ti nù ún. “Agogo mẹ́fà ni wọ́n wẹ̀ ẹ́, mà,” ló kọ́kọ́ wí, kó tó gbé fóònù sétí. Agogo Méje mi orí.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè béèrè bóyá ewúrẹ́ lè mu ún. Èkejì ní òun ti fi fọ aṣọ, ṣé kóun sá a tàbí kóun tún un fọ̀. Ẹ̀kẹta ní bí àwọn bá sè é ńkọ́?

Lẹ́tà ìyìn tí Agogo Méje gbà láàárín ọdún mọ́kàndínlógún kún àpótí ńlá kan. Ohùn yín dùn bí oyin. Ohùn yín ló ń jí wa. Kò rántí ẹnìkan tó kọ̀wé béèrè ohun tí kóun ṣe sí ìròyìn tó kà. Lónìí, fóònù ti dún tó ìgbà méje, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kà á. Kò sẹ́ni tó ní ó dùn. Wọ́n gbọ́ ọ ni, wọ́n ti gbé ìkòkò kúrò lórí iná, wọ́n fẹ́ mọ èyí tó kàn.

“Sísè ńkọ́, mà?” ni ọmọbìnrin náà tún béèrè, ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. “Kí ni kí n sọ fún wọn?”

Kò sí nínú ìwé iléeṣẹ́ omi. Òun náà kò sì rò ó.

“Ní kí wọ́n má mu ún ná. Kó o wá bá mi pe iléeṣẹ́ omi, kó o bi wọ́n léèrè. Ìwọ lo ní ohùn.”

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó dúró de ibi tí ó máa ń dùn ún. Ó dùn ún díẹ̀, kò tó bó ṣe rò. Ọmọbìnrin náà ti ń tẹ nọ́ńbà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fara balẹ̀, ó ní, “Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́,” ó wá yíjú sí i.

“Wọ́n ní sísè kò ràn án rárá, mà. Ó tún ń mú oró rẹ̀ le sí i ni.”

Agogo Méje kọ ọ́. Lẹ́tà kò tó ogójì. Ó fi sí ìlà kejì, ó fi fáìlì pa mọ́, àwọn méjèèjì sì ń wo etí ọ̀tún ojú ẹ̀rọ, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń yọ.

Fóònù tún dún. Ọmọbìnrin náà gbé e, ó gbọ́ díẹ̀, ó ní kí ẹni náà dúró.

“Kí ni wọ́n ń béèrè?” ni Agogo Méje wí, ó sì fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.