Ojúlé Tí Aránṣọ Kò Dé

Ká má parọ́, kò sí ẹni tó mọ ara àwọn èèyàn òpópónà yẹn tó Aránṣọ. Ó mọ ẹni tí ikùn rẹ̀ ń yọ, ó mọ ẹni tó ń purọ́ ìwọ̀n ìbàdí fún ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé Onígbàjámọ̀ òdìkejì, tó ń yan kiri bí ọ̀gágun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn Aránṣọ. "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kó o tó gé e," ló máa ń sọ, ó sì ti sọ ọ́ títí ó fi sú àwọn èèyàn.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ nígbà tí ìwé ìgbìmọ̀ ìlú dé. Ìwé ọ̀hún ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan fẹ́ wó gbogbo òpópónà náà, kí wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́rìnlá mẹ́fà síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rin ìdílé lórí ilẹ̀ tí ìdílé mọ́kànlélógójì ń gbé! Òfin àdúgbò náà kò gba ilé tó ga ju òkè kan lọ, àfi tí ìgbìmọ̀ bá yí i padà. Tí gbogbo onílé pátá bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Tí ẹyọ kan ṣoṣo bá gbà, ìgbìmọ̀ á dìbò, ta ni kò sì mọ ibi tí ìbò wọn máa ń fì sí?

"Ilé tí bàbá mi fi òógùn ojú kọ́!" ni Aránṣọ ń wí. Ó fi ìwé sábẹ́ abíyá, ó ń kanlẹ̀kùn kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Aṣọ àwọn oníbàárà ń sùn lórí tábìlì láìlápá, ìyàwó tuntun kan tiẹ̀ wá sunkún níbẹ̀. Kò kàn án. Ó gba ìfọwọ́sí ogójì ojúlé. Nígbà tó dé orí ilé tiwọn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i lórí ìdúró. Mọ́kànlélógójì, ó pé géérégé.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ará òpópónà àti ìgbìmọ̀ pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Àga àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n jókòó lé, orúnkún àwọn àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ìyá Aránṣọ jókòó ti ọmọ rẹ̀, nínú gáwùn alápá gígùn kan tó gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, píìnì méjì ló dì í mú ní èjìká. Aránṣọ ló rán an. Ìwọ̀n ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ṣì fi ń gé aṣọ ìyá rẹ̀. Ta ló ń wọn ìyá ara rẹ̀? Ó ní òun mọ̀ ọ́n lórí.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ayálégbé kọ́kọ́ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ mẹ́ta ni mò ń wọ̀ kí n tó dé ibiṣẹ́. Tí ilé ò bá pọ̀ sí i, níbo ni ká máa gbé?"

"Lọ gbé níbi tí o ti ń bọ̀!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Ìwà àìlójútì gbáà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Onígbàjámọ̀ fò dìde. "Alájà mẹ́rìnlá! Tí ẹnìkan bá da omi ìfọṣọ nù lókè, orí ta ló máa dà sí?" Ẹ̀rín sọ. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó ní, "A ti sọ̀rọ̀ tó. Onílé mọ́kànlélógójì, kò sẹ́ni tó gbà. Ẹ máa kó àwòrán ilé alájà yín lọ."

Ariwo ta. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ jígí, dúró kí ariwo lọ sílẹ̀.

"Ogójì ni, mà," ló wí. "Ojúlé kọkànlélógún gbà."

"Kọkànlélógún kẹ̀? Ilé wa nìyẹn! Èmi ni mo fọwọ́ sí i!"

"Orúkọ yín kọ́ ló wà nínú ìwé ilẹ̀, mà. Orúkọ màmá yín ni. Àwọn fúnra wọn ló fọwọ́ sí i fún mi."

Háà! Aránṣọ ti gbàgbé. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ pé "ilé mi", kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́.

"Ẹ tan arúgbó jẹ!" ló kígbe mọ́ akọ̀wé. "Ọlọ́run máa bi yín!"

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó di èjìká ọmọ mú, ó rọra dìde. "Kò sẹ́ni tó tàn mí. Mo ní kó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kà á."

"Màmá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Akọ̀wé wúkọ́, ó ní ẹni tó bá fẹ́ yí ọkàn padà lè kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù kan kó tó di aago mẹ́rin ọ̀la. Ojú gbogbo òpópónà wá sára Aránṣọ. Onígbàjámọ̀ tẹ fọ́ọ̀mù náà sí i lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o," ló wí. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Aránṣọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nísàlẹ̀. Ó máa ń sinmi níbẹ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wó ilé bàbá mi."

"Mú bírò wá," ni ìyá wí, ó na ọwọ́.

Apá gáwùn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn sì yọ̀ sẹ́yìn. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ara ìyá ti dúdú, ó ti wú.

"Kí lèyí? Màmá, kí lèyí?"

"Àtẹ̀gùn ni."

"Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí o lọ sílé Onígbàjámọ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn rẹ, ò ń ka ìwé fún un. Mo pè ọ́ títí. Akọ̀wé yẹn ló wá kanlẹ̀kùn, òun ló gbé mi dìde, ó fún mi lómi. Ìgbà tí mo jókòó tán ló wá béèrè ohun tí mo fẹ́." Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ní alájà mẹ́rìnlá kò bà mí lẹ́rù, tí ẹ̀rọ á bá máa gbé mi gòkè. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyẹn ìgbà kẹta tí mo ṣubú níbẹ̀. Bírò dà?"

Aránṣọ sunkún bí ọmọdé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó sì bọ́ téèpù lọ́rùn.

"Ẹ dìde fún mi, Màmá."

Ó wọn àyà rẹ̀. Méjìlélógójì ló wà nínú ìwé ìwọ̀n àtijọ́. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni téèpù sọ. Kò gbà á gbọ́. Ó tún un wọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà ni. Ó wọn èjìká, ó wọn apá tó wú yẹn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Onígbàjámọ̀ fi ìbínú kan ilẹ̀kùn, àwọn ará òpópónà tò sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Aránṣọ! Fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́? Kí ni ìyá rẹ wí?"

Aránṣọ yọjú. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò tíì bi wọ́n tán."