Ẹ̀rọ Tó Kọ́kọ́ Kí Uncle Làtíìfù

Láti oṣù kẹta ni ọwọ́ ọ̀tún Uncle Làtíìfù ti wà lórí itan wọn, bí ẹrù tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀ tí kò sì padà wá mú. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù wọ́n. Ẹsẹ̀ ti padà. Ẹnu náà ti padà, kódà ó ti ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí Aunty Mìsítúrà, ìyàwó wọn, ṣe máa ń wí. Ọwọ́ nìkan ló kù.

Bethany, obìnrin physio tó ń tọ́jú wọn, sọ fún wa pé ọwọ́ náà kò kú. Uncle ni kò fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù fóòmù kan pé kí wọ́n máa fún un. Uncle wo bọ́ọ̀lù náà, wọ́n wo Bethany, wọ́n ní ọmọ mẹ́rin ni àwọn bí, kò sì sí èyí tó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé àwọn lọ́wọ́ rí. Ó wá ku appointment kan ṣoṣo, ní Thursday kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Tí ọwọ́ náà kò bá dá nǹkan kan ṣe títí di Thursday yẹn, ìtọ́jú parí nìyẹn, ààyè yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Uncle ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé ní Peckham, nílùú òyìnbó. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń wá búláńkẹ́ẹ̀tì nínú wọ́dúróòbù, mo bá rí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan, dúdú, ó wúwo bí bíríkì, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Aunty Mìsítúrà rí i lọ́wọ́ mi.

"Orogún mi rèé," ni wọ́n wí. "Ọdún tí a dé ìlú yìí, Uncle ẹ ń fọ ọ́fíìsì ní Elephant and Castle. Tí wọ́n bá ti shift dé láàárọ̀, òun ni wọ́n máa ń jókòó tì kí wọ́n tó bèèrè oúnjẹ."

Àwòrán ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìlú àwọn apẹja, ni Uncle. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi rà á. Mo so ẹ̀rọ náà mọ́ iná. Kò mí.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní emulator. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí laptop ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀rọ àtijọ́. Kì í ṣe àwòrán nìkan ló ń fara wé. Ohun gbogbo tí ẹ̀rọ yẹn máa ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kẹ́ àìmọye ìṣirò, ló ní láti tún ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, láì fo ẹyọ kan. Títí kan àléébù rẹ̀. Tí ẹja inú géèmù náà bá pọ̀ lójú odò, ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń falẹ̀ bí ẹni tí èémí ń tán lọ. Emulator náà gbọ́dọ̀ falẹ̀ níbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó ti mọ géèmù náà tẹ́lẹ̀ kò ní dá a mọ̀. Inú ìwé tí mo yá ní láíbìrì ni mo ti kọ́kọ́ ka èyí, mo sì ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnìkan lè fẹ́ràn ohun kan tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi tọ́jú àléébù rẹ̀ pa mọ́.

Mo kó ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì sórí laptop. Ṣùgbọ́n emulator tí mo rí lò ní bọ́tìnnì àti ìbéèrè tó pọ̀ débi pé Aunty Mìsítúrà wò ó, wọ́n ní, "Ṣé géèmù nìyí àbí fọ́ọ̀mù council?" Nítorí náà mo ṣe ojú tuntun fún un. Bọ́tìnnì pupa kan ṣoṣo, tó tóbi tó ẹnu ife tíì, tí mo so mọ́ laptop pẹ̀lú wáyà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gàdàgbà, torí kíka Gẹ̀ẹ́sì ti ń rẹ Uncle láti ìgbà àìsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é, tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní Forest Hill.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, inú kíṣìnì ni mo wà. Ojú laptop dúdú kirikiri. Lẹ́yìn náà omi tàn, ọkọ̀ kékeré kan yọ lórí omi, orin tín-ín-rín kan sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti kú ń mí nínú ẹ̀rọ mìíràn. Èmi ni mo ṣe é, síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ kàn án. Aunty Mìsítúrà yíjú kúrò nídìí ìkòkò, ṣíbí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ata fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná.

Ní Saturday, mo gbé e síwájú Uncle. TẸ BỌ́TÌNNÌ, ni laptop kọ. Uncle kà á, wọ́n yíjú sí mi.

"Àmírà."

"Sà."

"Ta lọmọ yìí?"

"Ọmọ wo, Uncle?"

"Èyí tó wà nínú laptop ẹ. Tẹ bọ́tìnnì. Ṣé èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Baba Yaqub," ni Aunty Mìsítúrà dá sí i. "Kò mọ ọjọ́ orí yín."

"Ẹni tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ mọ̀ ọ́n."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pa eṣinṣin. Ọkọ̀ kọ lu òkúta, ó rì. O TI KÙNÀ, ni laptop kọ. TÚN UN ṢE.

"O," ni Uncle wí, wọ́n sì tún un wí. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. O." Wọ́n pa laptop dé, wọ́n bèèrè tíì.

Inú bí mi títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà mo ṣí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ètò náà, mo kà wọ́n sókè, ojú sì tì mí. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti tú gbogbo wọn, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Èmi tí n kò lè fi "o" bá Uncle sọ̀rọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń sùn, mo ti rán ẹ̀rọ sí wọn pé kó lọ bá mi sọ ọ́. Gbólóhùn mọ́kànlélógójì ni. Mo tún gbogbo wọn kọ. Mo sì kọ́ ọ ní ìkíni, kó máa wo aago kó tó la ẹnu.

Ó di Tuesday. Ó ku ọjọ́ méjì. Uncle ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àyìlà tán lórí àga ni, mo gbé laptop dé, mo bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré.

Ẹ KÚ Ọ̀SÁN, SÀ, ni laptop kọ. Ẹ KÚ ÌJÓKÒÓ. Ó dúró díẹ̀, bí mo ṣe ní kó dúró. TÓ BÁ RỌ̀ YÍN LỌ́RÙN, Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ TẸ BỌ́TÌNNÌ.

"Òo," ni Uncle wí, jẹ́jẹ́. "Pẹ̀lẹ́ o."

Wọ́n na ọwọ́ òsì. Ó dé agbede méjì, ó dúró. Wọ́n wò ó, wọ́n sì fà á padà sórí itan.

"Ó kí mi dáadáa," ni wọ́n wí. "Mi ò lè fọwọ́ òsì dá a lóhùn."

Bọ́ọ̀sì Camberwell kọjá níta, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Èjìká ọ̀tún wọn ló kọ́kọ́ gbéra. Lẹ́yìn náà ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ náà ń wọ́ bọ̀ lórí itan bí ọkọ̀ tí wọ́n ń fà lórí iyanrìn, ó dé etí tábìlì, ó dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Aunty Mìsítúrà di ọrùn ọwọ́ mi mú, ìka wọn tutù. Òógùn bo iwájú orí Uncle. Ìka kan gòkè tábìlì, èkejì tẹ̀ lé e. Mo ti rí i bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ìṣirò ṣe ń tò lẹ́yìn ara wọn láti gbé ọkọ̀ kan sójú omi, mo sì rò pé kò sí ohun tó lè yà mí lẹ́nu jù ú lọ. N kò tíì rí ìka márùn-ún tó ń wá ọ̀nà nígbà náà.

Ẹ̀yìn ọwọ́ náà ṣubú lé bọ́tìnnì. Ọkọ̀ ṣí.

Ó rìn díẹ̀, ó kọ lu òkúta, ó rì. Ẹ PẸ̀LẸ́, SÀ, ni laptop kọ. OMI LÓ GBÉ E, KÌ Í ṢE Ẹ̀YIN.

Uncle rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ nìyí," ni wọ́n wí. "Ó mọ̀ pé omi ni."

Kí àkókò Àlàásárì tó tó, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nígbà mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún.

Ní Thursday, a gbé laptop lọ. Bethany wo ìtẹ̀ mẹ́ta. Ó mú bíírò, ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun ti fi appointment mẹ́fà kún un. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú laptop, ó bi mí pé kí ló kọ síbẹ̀. Mo ní ó ń kí i káàárọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ọwọ́ òsì sí bọ́tìnnì, torí bíírò wà ní ọ̀tún.

"No, my dear," ni Uncle Làtíìfù wí fún un. "Ó kí ọ. Àmírà, sọ fún un."

Mo sọ fún un. Bethany wo Uncle bóyá wọ́n ń ṣàwàdà. Ó rí i pé wọn kò ṣàwàdà. Ó gbé bíírò sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún.