Orúkọ Tó Wà Nínú Orin Náà

Orin náà kò jẹ́ kí Gbọ́njúbọ́lá gbádùn láti àárọ̀. Kifayah, aládùúgbò rẹ̀ tó ń bá àwọn èèyàn ṣáájì fóònù lẹ́bàá ọ̀nà ní Olódò, ló ń lù ú kíkankíkan. Orin àtijọ́ ni, gbogbo ayé ló jó o nígbà tí Gbọ́njúbọ́lá ṣì jẹ́ ọmọge, àwọn ọmọ ìwòyí sì tún ti lọ hú u jáde. "Ọ̀nà jìn, ilé ò sún, padà wálé o, Láyí."

Ó jáde lọ bá a. "Kifayah, jọ̀ọ́, bá mi pa nǹkan yìí. Orí ń fọ́ mi."

"Ẹ má bínú, Ìyá Sanmí." Ó pa á.

Gbọ́njúbọ́lá kò tíì wọlé tán tí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó bu omi, kò mu ún. Ó tún jáde.

"Tàn án padà."

"Ẹ̀yin náà kẹ̀!" Kifayah bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ fẹ́ràn orin yìí ni àbí ẹ kórìíra ẹ̀?"

Méjèèjì ló wà níkùn Gbọ́njúbọ́lá.

Kò sẹ́ni tó mọ orin náà kọ tó o ní àdúgbò Adégbayì kó tó lọ́kọ. Àfi bó ṣe fẹ́ Josiah, tó bá àbúrò ọkọ nílé tó ń jẹ́ Láyí. Ìyàwó tó gbẹ̀kọ́ kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ìkókó. Ó bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Bó bá ń kọrin tó dé ibi orúkọ, á kùn ún kọjá, "hùn-ún." Láyí á ní, "Ìyàwó, parí ẹ̀ jàre! Lọ́jọ́ tóo bá pè é, adìẹ kan lo máa fi san ìtanràn fún mi." Wọn á jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú a máa bí i. Orin tó jẹ́ tirẹ̀, ilé ọkọ ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Josiah ti kú báyìí. Láyí nìkan ló kù nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ìyàwó tuntun, àrùn ìgbàgbé sì ti mú òun náà. Orí àga nílé Gbọ́njúbọ́lá ló máa ń jókòó sí, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. "Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun," ni Gbọ́njúbọ́lá ń wí lójoojúmọ́, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ọkùnrin náà á lọ láìtún mọ̀ ọ́n, kò sì ní í sẹ́ni tó máa rántí ọmọge tó máa ń kọrin mọ́.

Nígbà tí Gbọ́njúbọ́lá padà wọlé, orin tí Kifayah tún tàn ti gba ojú fèrèsé wọ yàrá. Ìka Láyí ń lu apá àga. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. "Ọ̀nà jìn, ilé ò sún, padà wálé o, hùn-ún."

Ìka náà dúró. Láyí tẹjú mọ́ ọn, ó ń retí.

Gbọ́njúbọ́lá bojú wẹ̀yìn, àfi bí ẹni pé ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Orin tún yí dé ibẹ̀. "Padà wálé o," ó gbóhùn sókè, "Láyí!"

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba eyín tó kù níbẹ̀ sì yọ.

"Ìyàwó," ó ní, "adìẹ mi dà?"