Bu Omi Sómi

Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fi iná sí bátìrì ni mo kọ ọ́ sí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: Pb + PbO₂ + 2H₂SO₄ → 2PbSO₄ + 2H₂O. Inú ìwé àlòkù kan ni mo ti rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wò ó kí ó tó yé mi pé òjé (Pb) méjì tó wọlé lápá òsì, méjì náà ló gbọ́dọ̀ jáde lápá ọ̀tún. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ sọnù. Bí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, ásíìdì inú rẹ̀ á máa di omi. Bí a bá fi iná sí i, ọfà náà á yí padà, omi á tún di ásíìdì. Ìyẹn ló ń dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí, pé ohun tí a ti lò tán ṣì lè padà sípò.

Àbúrò mi, káfíńtà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ déédéé mọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ mi ni. Ó gbé àga kan wá fún mi láti máa jókòó lé.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ kọ lẹ́tà sí yìí?"

"Òjé ni."

"Ẹ bá mi kí i. Tó bá dáhùn, ẹ pè mí."

Bíi ti gbogbo oníbátìrì, omi là ń pe ásíìdì. Omi náà là ń pe omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ògidì ásíìdì dé nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo tẹ̀ ba bátìrì kan, mo ń tú ìdérí rẹ̀. Mo ní, "Bu omi sómi, díẹ̀díẹ̀."

"Omi wo, sínú omi wo?"

N kò gbójú sókè. "Omi sómi. Ṣé èdè mìíràn ni mo ń sọ ni?"

Ó da ásíìdì sínú abọ́ ike, ó sì bu ife omi kan lé e lórí. Ásíìdì ló yẹ kó wọ inú omi, kí omi lè gba ooru rẹ̀. Èyí hó lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ta sí i lójú. Mo ń fi omi ṣàn án, báàkẹ́tì lé báàkẹ́tì. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní "omi rèé," ó ń fọwọ́ tì mí.

Dókítà gba ojú ọ̀tún là. Ti òsì ti funfun. Mo bi í bóyá ó lè padà.

"Bàbá, ẹ ti se ẹyin rí? Ṣé ó padà di tútù?"

Lẹ́yìn oṣù kan, àbúrò mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró níwájú ògiri.

"Èwo ni omi níbí?"

Mo fi ìka kan H₂O.

"Ásíìdì ńkọ́?"

Mo fi hàn án.

"Ó ní orúkọ tirẹ̀ nígbà náà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n kọ."

Ó gbé àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún mi lé èjìká ọ̀tún. Ó fi ọwọ́ òsì wá férémù ilẹ̀kùn títí ó fi bà á, ó sì jáde.