A Kò Sọ̀ ní Puapua

Ìtàn ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dàrú mọ́ èmi àti bàbá mi lọ́wọ́ ní erékùṣù Savai'i, mo ti sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́wàá fún àwọn tá a jọ ń ṣe olùkọ́ ní ìlú Gore, ní New Zealand, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí mo máa ń fò. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀.

Ewen ni orúkọ bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìpẹran ní Southland níhìn-ín, kò sì kúrò ní New Zealand rí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí màmá mi kú, jíjókòó ti rédíò nìkan ló kù tó ń ṣe. Ni mo bá ní ká gbé báàgì kọ́yìn, ká lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn káàkiri Samoa. Mo rò pé ó máa jiyàn, kò jiyàn rárá.

"Ṣé a máa dé Savai'i?" ló kàn bi mí.

Mo ní a máa débẹ̀. Mi ò béèrè ìdí tó fi ń bi mí.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ìrìn àjò wa lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi aago méjì ọ̀sán la fẹ́ wọ̀ ní Salelologa, ká lè sọdá sí erékùṣù Upolu níbi tí ọkọ̀ òfuurufú wa ti máa gbéra lọ́jọ́ kejì. Abúlé Manase la sùn, nínú ahéré etíkun tí kò ní ògiri. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí òjò oníjì já wọlé bá wa. Báàgì mi rin gbingbin, àfi bíi pé wọ́n yọ ọ́ nínú kànga. Òkun gòkè wá sẹ́nu àtẹ̀gùn, ó sì gbé sálúbàtà Bàbá ẹyọ kan lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Bàbá ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òkun náà fẹ́ rìnrìn àjò."

Ìyá onílé wa wá sílípáàsì kan fún un, aláwọ̀ ọsàn, ó kéré sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún gbé kókò sísè àti ẹran inú agolo ka iwájú wa. Bàbá jókòó, ó ń jẹ, ó ń béèrè orúkọ gbogbo ọmọ obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo aago.

"Bàbá, bọ́ọ̀sì!"

"Rhona, èèyàn kì í jẹ oúnjẹ olóúnjẹ kó máa wo aago."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀sì fun fèrè lójú títì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òmíràn dé lẹ́yìn bíi wákàtí kan. Mo fo wọ ọ́, mi ò béèrè ibi tó ń lọ. Ó kún fọ́fọ́, ni ìyá kan tó sanra bá fà mí jókòó lé itan rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

"Ẹ rọra o, màdáámù," Bàbá sọ látẹ̀yìn. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó nawọ́ tẹ̀ mí léjìká. "Rhona, ọwọ́ òsì wa ló yẹ kí òkun wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń rí i."

"Bàbá, èmi ni máàpù wà lọ́wọ́ mi."

Máàpù wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n Asau ni bọ́ọ̀sì ń lọ, òdìkejì erékùṣù pátápátá. Ìṣẹ́jú ogójì kọjá kí n tó gbà. A sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, lábẹ́ igi bẹ́rẹ́fúùtù kan. Bí Bàbá ṣe ń sọ̀, okùn báàgì rẹ̀ já, báàgì já sínú gọ́tà, ó ṣí, àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń léfòó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú sílípáàsì tó kéré yẹn, ó ń tiro bí àkùkọ tí wọ́n ń lé. Ibí yìí làwọn ará ilé ìwé mi ti máa ń rẹ́rìn-ín jù. Òun náà ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò rẹ́rìn-ín. Mo dúró sábẹ́ igi, mo káwọ́ gbera.

Ó ti ń lọ sí aago méjìlá kí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Salelologa tó dé. Bàbá rí àyè níwájú létí fèrèsé. Ẹ̀yìn ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Vaosa, tó ti gbé Auckland rí. A rìn títí, ni fóònù dẹ́rẹ́bà bá dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó kígbe ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn ní èdè wọn. Àwọn èrò mí kanlẹ̀. Àwọn méjì sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló sọ?" mo bi Vaosa.

"Ó ní ọkọ̀ ojú omi ò ní sọdá mọ́ lónìí. Ìgbì ti le jù. Ó di aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la."

Mo wo Bàbá. Ó forí ti gíláàsì, ó ń wo òjò. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yẹ kí n dìde lọ sọ fún un. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé àwọn èèyàn yìí kì í mọ àkókò, pé tá a bá débẹ̀ a lè rí ọkọ̀ tó ń lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti fi gbogbo àárọ̀ pariwo aago méjì, aago méjì, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa wá sọ pé kò sí aago méjì mọ́.

Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí Bàbá dìde, tó ń di àga mú wá bá mi.

"Rhona, Puapua ló kàn yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbébẹ̀, Fereti, a jọ ṣiṣẹ́ nílé ìpẹran. Mo kọ lẹ́tà sí i pé ó ṣeé ṣe kí n yà. Wákàtí kan péré."

Vaosa pàtẹ́wọ́. "Fereti tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì? Àbúrò bàbá mi ni! Èmi náà ń sọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ!"

Ó fa okùn agogo. Dẹ́rẹ́bà dúró. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Bàbá," mo ní, gbogbo ọkọ̀ sì ń gbọ́, "látàárọ̀ lẹ ti ń dá mi dúró. Mo gbé ẹrù tèmi, mo gbé tiyín, mo tún ń gbé ẹ̀yin fúnra yín. Ó ti sú mi. Ẹ lọ jókòó, ká máa lọ bá ọkọ̀ wa."

Vaosa wò mí. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó wo Bàbá, ó la ẹnu díẹ̀, ó sì pa á dé. Ọ̀rọ̀ bàbá àtọmọ ni. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sọ̀. Bàbá padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbéra, mo rí i tó fi ọwọ́ nu gíláàsì, ó ń wá ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

A dé èbúté láago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti ti géètì. Àwọn awakọ̀ ń ta káàdì lábẹ́ òrùlé.

"Wọn ò lọ mọ́?" Bàbá béèrè.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," mo ní, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Orí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ni Bàbá ti sọ ìtàn Fereti fún mi, láìwo ojú mi. Kí wọ́n tó bí mi ni. Ọ̀bẹ yọ lọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, ó gé Bàbá nítan, ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi ẹ̀rọ. Àwọn tó kù sá sẹ́yìn. Fereti bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi di itan náà, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì sáré jáde pẹ̀lú rẹ̀ lọ síbi mọ́tò. "Ó ń kọrin sí mi létí kí n má bàa sùn," Bàbá ní. "Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá."

Mo fò dìde, mo lọ wá takisí. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà mẹ́ta. Gbogbo wọn ní odò ti bo ojú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa kọjá títí di àárọ̀.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi," Bàbá ní.

A sọdá láago mẹ́fà àárọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, bàbá mi tó máa ń béèrè orúkọ ajá lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tá a délé, fóònù dún. Fereti ni. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí síńkì tí mo wà.

"Ewen, olè! Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò, mo rí orí ẹ lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì! Ṣé gbèsè mi lò ń sá fún ni? Mo tún pa ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ dè ẹ́!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ mi ló ń kánjú," ó ní. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Fereti kú nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Vaosa ló pè wá. Bàbá fi fóònù lélẹ̀, ó jáde lọ la igi títí ilẹ̀ fi ṣú, bẹ́ẹ̀ igi pọ̀ nílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé àṣírí náà mọ́ra. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ń jẹ ẹran àgùntàn yíyan nílé rẹ̀, ẹnu mi kàn ṣàdédé là. Mo sọ ohun tí Vaosa sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì fún un, pé mo ti mọ̀ kí á tó dé Puapua. Kò gbé ojú sókè. Ó fi fọ́ọ̀kì lélẹ̀, ó dìde, ó lọ bá àwọn ajá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rá ẹran ti dì lórí àwo kó tó wọlé.

"Mo rò pé ọkọ̀ ojú omi ló ń lé wa," ó ní. "Gbogbo ọdún yìí, ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá sọ̀. Ìwọ ì bá máa lọ, ǹ bá bá ọ níwájú." Ó fa àga rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran tó ti tutù.